Bí Mansa Musa Ṣe Dé Inú Tẹlifíṣọ̀n Wa

   Ọ̀rọ̀ eré ni mo mú wá lónìí. Ṣùgbọ́n owó wà nínú eré náà, omijé sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Ní ìsinmi gígùn ọdún tí ó kọjá, ọmọ àbúrò mi obìnrin kan wá lo ọjọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ mi ní Ọ̀wọ̀. Ifọ̀n ni àwọn òbí rẹ̀ ń gbé. Ọmọ ọdún 15 ni. Ó mọ ìwé, kò sì sí iṣẹ́ tí a rán an tí kì í jẹ́. Ní ọjọ́ kẹta tí ó dé, mo bá a ní ẹ̀yìnkùlé, ó jókòó sórí àpótí, ó ń sunkún. Mo ní, “Kí ló dé? Ta ló nà ọ́?” Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, Bàbá. Owó mi ló ti ṣègbé.”

Owó wo? Owó tí ó ti ń kó jọ láti nǹkan bí ọdún kan ni. Ó bá ìyá bàbá rẹ̀ ṣa kaṣú lóko, wọ́n fún un ní díẹ̀. Àwọn àlejò ọdún Kérésì fún un ní díẹ̀. Kò ra bisikíìtì, kò ra súìtì. Ó kó gbogbo rẹ̀ fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ní káàdì dọ́là, pé kí ó bá òun ra ohun tí àwọn ọmọ ń pè ní expansion, fún gémù kan tí ó ń gbá lórí ẹ̀rọ tí a so mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rà á lóòótọ́, kò jalè. Rìsíìtì rẹ̀ wà lórí fóònù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ náà tan ẹ̀rọ rẹ̀, ẹ̀rọ náà ṣe bí ẹni pé òun kò rí ohun tí a rà. Ó di ẹ̀rọ náà sínú àpò, ó gbé e wá sí Ọ̀wọ̀, pé bóyá Bàbá tí ó jẹ́ tíṣà yóò mọ̀ ọ́n ṣe.

Bàbá tí ó jẹ́ tíṣà kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni mo lọ, wọn kò sì kọ́ wa ní gémù níbẹ̀. Ohun tí mo ṣe ni pé mo mú ọmọ náà lọ́wọ́, a jọ lọ sí ilé gémù kan ní àdúgbò wa.

Ẹ mọ ilé gémù. Yàrá kótópó ni, tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta tàbí mẹ́rin, bẹ́ǹṣì gígùn, jẹnẹrétọ̀ ní ẹ̀yìn ilé, àti ariwo. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá jù níbẹ̀. Wọ́n ń sanwó ní ìdíje kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí wọ́n bá nà, yóò dìde fún ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó gbà pé ilé ìsáǹsá ni. Èmi náà ti gbà bẹ́ẹ̀ rí, mo sì ti fi pàṣán lé ọmọ kúrò níbẹ̀ ní ìgbà kan. Ọ̀gá ilé gémù náà rántí ọjọ́ náà dáadáa. Ó wà lára àwọn tí mo lé. Síbẹ̀ ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó ní, “Ẹ káàbọ̀, Tíṣà,” ó sì gbé àga fún mi. Ohun tí ó là yé mi ní ọjọ́ náà, pẹ̀lú èyí tí mo ti wá kà kún un, ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí ayò bẹ̀rẹ̀, nítorí gbogbo wa ni a mọ ayò. Ọpọ́n ayò ní ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé gbẹ́nàgbẹ́nà kan gbẹ́ ọpọ́n kékeré kan wá, ó ní kí a fi kún ti àtijọ́: ihò mẹ́rin sí i, ọmọ ayò pupa díẹ̀, àti òfin tuntun pé ẹni tí ó bá jẹ ọmọ pupa yóò ta lẹ́ẹ̀mejì. A kò ní sọ ọpọ́n àtijọ́ nù. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ra ọpọ́n kékeré náà nìkan, láìní ti àtijọ́, igi lásán ni ó rà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni expansion rí. Èmi yóò máa pè é ní àfikún. Gémù àkọ́kọ́ ni ìyá. Àfikún ni ọmọ tí a pọ̀n sí i lẹ́yìn.

Gémù tí ọmọ wa fẹ́ràn ni Civilization VI. Firaxis, ilé-iṣẹ́ kan ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, ni ó ṣe é, ó sì jáde fún kọ̀ǹpútà ní oṣù October 2016. Nínú rẹ̀, ènìyàn a di olórí orílẹ̀-èdè kan láti ayé òkúta àti ọfà títí dé ayé ọkọ̀ òfurufú. Yóò tẹ ìlú dó, yóò dáko, yóò kọ́ ilé ìkàwé, yóò bá aládùúgbò rẹ̀ dọ́rẹ̀ẹ́ tàbí kí ó gbógun tì í. Àfikún ńlá méjì ni ó ní. Èkíní, Rise and Fall, jáde ní February 8, 2018. Èkejì, Gathering Storm, jáde ní February 14, 2019. Inú èkejì yìí ni Mansa Musa, ọba ilẹ̀ Mali, wà. Ọjọ́ ti kọ̀ǹpútà ni mo kà yìí o.

Ní ti àwọn ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n, gémù ìyá dé orí Nintendo Switch ní November 16, 2018, láìgbé èyíkéyìí nínú àfikún ńlá méjèèjì pọ̀n. Ní November 22, 2019 ni ó tó dé orí PlayStation 4 àti Xbox One, ọjọ́ náà sì ni àfikún méjèèjì dé, lórí àwọn wọ̀nyí àti lórí Switch. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ẹni tí ó ní kọ̀ǹpútà ti ń rí Mansa Musa láti February. Ẹni tí ó ní ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n dúró fún oṣù mẹ́sàn-án. Àfikún èkíní, oṣù 21 ni.

Ẹ lè bi mí pé kí ni oṣù mẹ́sàn-án jẹ́ nínú ọ̀ràn eré. Ẹ wo ọ̀nà tí irú eré yìí gbà ń dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tiwa. Kọ̀ǹpútà tí ó lágbára tó láti gbé e, owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Èyí tí ó wà ní ilé-ìwé, àgádágodo ni a fi ti yàrá rẹ̀; mo mọ ohun tí mo ń sọ, nítorí ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà rí. Ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n ni ó wọ àdúgbò. Tòkunbọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn, ogún ọmọ a sì máa pín ọ̀kan lò. Nítorí náà, ohun tí kò bá kó láti orí kọ̀ǹpútà dé orí àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí, kò tíì dé ọ̀dọ̀ ọmọ Ifọ̀n, ìbáà ti dé ọ̀dọ̀ gbogbo ayé.

Kí ni ó wá ń fa ìdádúró? Èmi rò pé ó dà bí ẹni ń da epo láti inú kèrègbè sínú ìgò. Ọ̀gá ilé gémù rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Rárá o, Tíṣà, ó dà bí ẹni ń kó ilé ni.” Ó ní ẹni tí ó bá kó láti ilé ńlá lọ sí yàrá méjì yóò rí i pé bẹ́ẹ̀dì kò gba ẹnu ọ̀nà, pé iná kò sí níbi tí ó ti wà tẹ́lẹ̀, pé kò sí ibi tí a ó gbé àga Bàbá sí. Ẹni tí ó kọ́ ilé àkọ́kọ́ sì kọ́ ni ó sábà máa ń kó ẹrù náà. Aspyr, ilé-iṣẹ́ kan ní Austin ní ìpínlẹ̀ Texas, ni ó kó Civilization VI lọ sí orí Switch.

Ọwọ́ ni ó kọ́kọ́ ń dá wọn dúró. Láti jẹ́ kí n rí i kedere, ọ̀gá ilé gémù mú àpẹẹrẹ mìíràn wá, Age of Empires II, tí ó ti wà láti 1999. Ní November 5, 2015, wọ́n ṣe àfikún kan fún un tí a ń pè ní The African Kingdoms. Inú rẹ̀ ni àwọn ará Mali, àwọn ará Ethiopia àti àwọn Berber wà, pẹ̀lú àwọn Pọtogí. Ìtàn Sundiata, ẹni tí ó dá ìjọba Mali sílẹ̀, sì wà níbẹ̀ fún ènìyàn láti gbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí wọ́n tún gbogbo gémù náà ṣe fún kọ̀ǹpútà ní November 2019, wọ́n kó àfikún náà sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n January 31, 2023 ni ó tó dé orí Xbox, ó sì di May 2025 kí ó tó dé orí PlayStation 5. Ó lé ní ọdún méje tí Sundiata, ọmọ tí kò lè rìn ní kékeré, fi rìn dé orí Xbox.

Nínú gémù yìí, ènìyàn lè ní ọmọ ìlú àti ọmọ ogun 200 tí ó ń pàṣẹ fún lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan ń gé igi, àwọn kan ń wa góòlù, àwọn kan wà lóko, ogun sì ń bọ̀ ní ẹnu odi. Ẹni tí ó ní máòsì yóò tọ́ka sí ẹni tí ó bá fẹ́ ní ìṣẹ́jú akàn. Bọ́tìnnì bí 100 sì wà lórí kíbọọ̀dù fún un. Ẹni tí ó di páàdì mú ńkọ́? Ọ̀pá kékeré méjì fún àtàǹpàkò méjì, àti bọ́tìnnì tí a lè fi ìka ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀ kà tán. Bí wọ́n bá gbé gémù náà sórí rẹ̀ bí ó ṣe wà, ọ̀tá yóò ti sun ìlú kí ọmọ tó rí ọ̀nà pe ọmọ ogun kan ṣoṣo. Nítorí náà wọ́n to àwọn àṣẹ yí ká bí òbírí, kí ọ̀pá kékeré lè tọ́ka sí wọn. Wọ́n sì fi ọgbọ́n kan kún un tí mo fẹ́ràn: ènìyàn lè sọ lẹ́ẹ̀kan pé oúnjẹ ni mo fẹ́ jù, igi ni ó tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ ìlú yóò sì pín ara wọn sí ẹnu iṣẹ́. Baálé tí ó ní ọmọ púpọ̀ mọ ọgbọ́n náà. Kì í lé wọn lóko ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ààyè tún wà níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà, ènìyàn lè tú u kí ó fi kún ọpọlọ rẹ̀. Ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n, bí wọ́n ṣe bí i ni yóò ṣe kú. Switch ìgbà náà ní 4 GB láti fi ronú, PlayStation 4 ní 8. Àfikún a sì máa gbé ìjì, omíyalé àti òkè tí ń tu iná wá, tí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ máa rántí gbogbo wọn. Bí eré bá ti fẹ́ parí tí ìlú ti pọ̀, ẹ̀rọ a máa ronú pẹ́ bí arúgbó tí ń ṣírò owó èsúsú. Ọmọ lè lọ mu omi kí ó padà kí ó tó kàn án.

Ẹ̀yìn èyí ni ti aṣọ́nà. Kọ̀ǹpútà dà bí ọjà ọba, ẹni tí ó bá ní àtẹ lè pàtẹ. Ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n dà bí ilé ìtajà tí ó ní géètì. Ẹni tí ó ni ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ yẹ gémù wò kí ó tó wọlé, àti ìyá, àti àfikún, àti àtúnṣe tí a bá ṣe sí wọn lẹ́yìn.

Aṣọ́nà yìí kan náà ni ó dá owó ọmọ wa dúró. Ọ̀gá ilé gémù gba páálí gémù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí i padà, ó rẹ́rìn-ín, ó sì mi orí. Ó fi àmì kan hàn mí ní ara páálí: PEGI. Àmì Yúróòpù nìyẹn. Ìbátan bàbá rẹ̀ kan ni ó mú gémù náà wá fún un láti Lọ́ńdọ̀nù, ó wà nínú dísìkì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ta ẹ̀rọ fún wọn ti fi orúkọ ọmọ náà sílẹ̀ nínú ilé ìtajà ti Amẹ́ríkà, níbi tí àmì ti jẹ́ ESRB. Nígbà tí a wá ra àfikún, ti Amẹ́ríkà ni a rà. Ìyá wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ wà ní Amẹ́ríkà. Wọn kò mọ ara wọn rí, bẹ́ẹ̀ ni inú ẹ̀rọ kan náà ní Ifọ̀n ni wọ́n ti pàdé.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ni ó le tó bẹ́ẹ̀. Òmíràn kò bìkítà ibi tí dísìkì ti wá. Ṣùgbọ́n ti ọmọ wa bìkítà. A kọ̀wé sí ilé ìtajà náà, mo fi Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ́ mi kọ ọ́ dáadáa. Wọ́n dá wa lóhùn pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́ pé owó kò ṣeé dá padà. Inú bí mi. Mo ní kí ọmọ ọdún 15 ṣa kaṣú láti ìdí igi dé ìdí igi, kí ó wá pàdánù owó nítorí lẹ́tà mẹ́rin tí ó kéré ju ìrẹsì lọ ní ara páálí, ìwà wo nìyẹn? Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó jẹ́ kí ọmọ san kọ́bọ̀ kan, ẹ kọ́kọ́ wo àmì ara páálí, kí ẹ sì wo orílẹ̀-èdè tí a fi orúkọ ọmọ sí. Ẹ tún rántí pé àfikún tí a rà fún kọ̀ǹpútà, ti kọ̀ǹpútà ni. Ẹni tí ó bá tún fẹ́ ẹ lórí ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n sábà máa ń tún un rà ni.

Ọ̀gá ilé gémù ni ó rí ọ̀nà. Ó ní, “Tíṣà, ọmọ kò kú, ìyá rẹ̀ ni kò sí nílé.” Ó ní àwọn ilé ìtajà wọ̀nyí a máa já owó gémù tí ó ti pẹ́ wálẹ̀ gidigidi nígbà ọdún, kí ọmọ náà ta dísìkì rẹ̀, kí ó dúró, kí ó wá ra ìyá láti Amẹ́ríkà níbi tí àfikún wà. Ọmọ náà dúró fún oṣù mẹ́rin. Ní ìsinmi Kérésì ó padà wá pẹ̀lú àpò rẹ̀. A ra dátà alẹ́, èyí tí ó rọjú díẹ̀, a tan ẹ̀rọ sílẹ̀ nígbà tí ilé ti sùn. Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì Mansa Musa jókòó nínú tẹlifíṣọ̀n mi pẹ̀lú aṣọ olówó iyebíye, ó ń kí wa.

Mo jókòó tì í wò ó. Àwọn tí ó ṣe é kò ṣe é lásán. Àwọn ìlú Mali nínú gémù náà ń jèrè nínú aṣálẹ̀. Ibi ìwakùsà wọn ń mú góòlù wọlé ju ti àwọn yòókù lọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ ń falẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, nítorí náà wọ́n á máa fi owó ra ohun tí àwọn mìíràn ń fi ọwọ́ ṣe. Ọjà wọn ń jẹ́ Suguba, tí ó túmọ̀ sí ọjà ńlá ní èdè Bambara. Ọmọ náà bi mí pé, “Bàbá, ṣé lóòótọ́ ni ọkùnrin yìí ní wúrà tó báyìí?” Mo sọ fún un bí ó ṣe lọ sí Mẹ́kà ní 1324, bí ó ṣe gba Káírò kọjá tí ó ná wúrà níbẹ̀ títí iye owó wúrà fi já wálẹ̀, tí al-Umari sì kọ ọ́ lẹ́yìn ọdún bí 12 pé kò tíì padà bọ̀ sípò. Ọdún mélòó ni mo ti ń gbìyànjú láti kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn yìí ní kíláàsì, tí wọ́n ń sùn! Omi sì kún nínú gémù náà, ó gbá oko rẹ̀ lọ. Nígbà tí ó fà, ilẹ̀ náà dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ní, “Bí ti odò Ọ̀sẹ̀.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Lẹ́yìn náà ni ó béèrè èyí tí mo ti ń retí. Ó ní, “Bàbá, Ọlọ́wọ̀ dà?”

Ọlọ́wọ̀ kò sí níbẹ̀. Mo wá kiri fún un. Àfikún kan wà fún Age of Empires III, The African Royals, tí ó jáde fún kọ̀ǹpútà ní August 2021. Haúsá àti Ethiopia ni ó wà fún ènìyàn láti darí, àwọn Yorùbá sì wà níbẹ̀ bí ẹni tí a lè bá dọ́rẹ̀ẹ́. Crusader Kings III, tí ó kó láti orí kọ̀ǹpútà lọ sí orí PlayStation 5 àti àwọn Xbox tuntun ní March 29, 2022, ní Ifẹ̀ nínú àwòrán ilẹ̀ rẹ̀. Àwọn ará Áfíríkà náà ń ṣe tiwọn: Kiro'o Games ní Yaoundé ní Cameroon gbé Aurion jáde fún kọ̀ǹpútà ní 2016, Maliyo Games ní Èkó sì ti ń ṣe gémù láti 2012. Kò sí èyí tí mo rí Ọlọ́wọ̀ nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì mo mú un lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wa ní Ọ̀wọ̀, tí a dá sílẹ̀ ní 1968. Mo sọ fún un bí Ekpo Eyo ṣe wa ilẹ̀ ní Igbó'Lájà láàrin 1969 sí 1971, tí ó rí ère amọ̀ tí ó ti wà nínú ilẹ̀ láti nǹkan bí 600 ọdún, tí àwọn onímọ̀ rí ọwọ́ Ifẹ̀ lára wọn, tí wọ́n sì rí nǹkan tí ó jọ ti Bìní. Mo sọ ti àwọn agbẹ́ eyín erin Ọ̀wọ̀, àti àwọn àkódì ààfin, àti Ọ̀rọ̀ǹsẹ̀n ayaba Rẹ́rẹ́ngẹ́njẹ́n tí a ń torí rẹ̀ ṣe Ìgògo. Ó ń kọ ọ́ sínú ìwé bí ẹni ń jẹ́ ìdánwò.

Ní alẹ́ ni mo rí ohun tí ó kọ. Àfikún ni ó ń ṣe. Ó ti kọ “Ọ̀wọ̀” sí òkè, ó ya àwòrán páàdì sí ẹ̀gbẹ́, ó sì to bọ́tìnnì tí yóò ṣe ohun kọ̀ọ̀kan. Mo ní ṣé kọ̀ǹpútà kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń ṣe é fún? Ó ní, “Bàbá, ta ló ní kọ̀ǹpútà ní Ifọ̀n?” Ó fi iyùn Ìgògo ṣe agbára Ọlọ́wọ̀, pé ìlú tí ó bá ṣe àjọ̀dún yóò máa pe àwọn ìlú mìíràn mọ́ra láìjagun. Mo ní eyín erin ni ó yẹ kí ó jẹ́, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ ni a fi mọ̀ wá jìnnà. Ó ní ẹ̀rọ kò ní ààyè fún méjèèjì, kí n mú ọ̀kan. Iná lọ, a gbé àtùpà wá, àríyànjiyàn náà kò sì tíì parí di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí.